Ọ̀gá Mi àti Àwọn Ọmọ Tí Kò Dé

Ọ̀gá mi obìnrin ní ọ́fíìsì ètò ìgbaniwọlé kì í lè jókòó pẹ́. Bí kọ̀ǹpútà bá ń ṣiṣẹ́ lọ, yóò máa rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́yìn wa, yóò máa mí kanlẹ̀. Lọ́dún yẹn, yunifásítì wa l'Abẹ́òkúta fẹ́ ti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ pa. Wọ́n ní àwọn ọmọ kò fẹ́ ẹ mọ́.

"Ṣé wọn ò fẹ́ ẹ ni, àbí wọn ò rọ́nà wá?" Bó ṣe máa ń bi wá nìyẹn.

Ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan ló ń dá tọ́jú àkọsílẹ̀ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá mi kó gbogbo rẹ̀ jọ sójú kan lórí kọ̀ǹpútà. Ìgbà yẹn la rí i pé ọ̀pọ̀ ọmọ abúlé ló gbà láti wá kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, àmọ́ wọn kò dé.

Kò tiẹ̀ dúró jẹun. Ó fi ọkọ̀ gbé wa lọ sí Papalanto, sílé ọ̀kan nínú wọn. Ọmọbìnrin náà ń yan gàrí lọ́wọ́.

"Kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Kí ló dé tí o ò wá sí yunifásítì?"

"Ẹ̀yin lẹ ní yàrá tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ti tán, mà. Mi ò sì lẹ́bí kankan l'Abẹ́òkúta."

 Níbi ìpàdé yunifásítì, ọ̀gá mi ní kí wọ́n ya yàrá sọ́tọ̀ fún irú àwọn ọmọ abúlé bẹ́ẹ̀. Àwọn aláṣẹ jiyàn títí, wọ́n gbà, wọn ò sì ti ẹ̀ka náà pa mọ́.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, mo sáré lọ sọ fún un pé ọmọ Papalanto ti dé.

"Ó ṣeun," ló wí, ó ti ń wọ bàtà. "Èyí tó wà ní Kọ́bapẹ́ ńkọ́?"