Àga Tí Jùmọ̀kẹ́ Kò Jókòó Sí

Ọdún mẹ́ta gbáko ni Adéjùmọ̀kẹ́ ti ń tọ́jú Daddy Colin, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, nílé rẹ̀ ní Shooters Hill, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó mọ iye ṣúgà tí bàbá ń mu, ó mọ ẹsẹ̀ tó máa ń dùn ún bí òjò bá fẹ́ rọ̀. Lójú tirẹ̀, òun ló ni bàbá.

Àfi bí ara bàbá ṣe wúwo sí i, tó di ènìyàn méjì ló ń gbé e dìde, ni ọ́fíìsì tó gbà á síṣẹ́ bá fi Mojọláolúwa kún un, ọmọ Ìbàdàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, Mojọlá ti ń ka ìtumọ̀ orúkọ ìlú bí ẹni ń ki oríkì: Woolwich, èbúté irun àgùntàn; Plumstead, ibi tí igi plum wà, ìyeyè àwọn òyìnbó; Charlton, oko àwọn àgbẹ̀ tí kì í ṣe ẹrú. Gbogbo rẹ̀, ẹnu bàbá ló ti gbọ́ ọ. Owú gba Jùmọ̀kẹ́ lọ́kàn bí ìyàálé. Ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé àfòmọ́ ò ní gbòǹgbò, igi gbogbo ló bá tan.

Lọ́jọ́ kan bàbá ní òun fẹ́ sọ ìtàn àwọn ìlú wọ̀nyí ní láíbìrì Thamesmead ní Sátidé, ṣùgbọ́n ọ̀fun òun ò gbé e mọ́, ẹnìkan ni yóò bá òun kà á. Jùmọ̀kẹ́ ti ń ro aṣọ tí yóò wọ̀. Mojọlá ni bàbá na ìwé tó kọ ìtàn náà sí sí.

Jùmọ̀kẹ́ kò lè pa á mọ́ra. “Daddy, èmi ńkọ́?”

Bàbá ní láti ọdún mẹ́ta, òun ò rí i kó jókòó rí, kò sì bi òun ní ìbéèrè kan rí kọjá ti oúnjẹ àti oògùn. Òun rò pé ọ̀rọ̀ òun ń sú u ni.

Ẹnu ya Jùmọ̀kẹ́. Ní Iléṣà tí wọ́n ti tọ́ ọ, ta ni yóò jókòó níwájú àgbà tí kò ní kó jókòó? Ta ni yóò máa wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbà? Ọ̀wọ̀ ni gbogbo rẹ̀.

Ó fa àga, ó jókòó, ó béèrè ìtumọ̀ Erith. Bàbá la ẹnu, ohùn kọ̀, kò jáde. Ó nawọ́ sí Mojọlá.

“Auntie, landing place ni o,” ni Mojọlá wí jẹ́jẹ́, “èbúté olókùúta wẹ́wẹ́.”

Jùmọ̀kẹ́ ní ó ṣeun. Pé ẹnu Mojọlá ló ti gbọ́ ọ, kì í ṣe ẹnu bàbá, ìyẹn ló dùn ún jù.