Masífà Tí N Kò Tètè Dé

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ṣe alábẹ̀wò ilé-ìwé kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo ti dé ilé-ìwé tí wọ́n ti lọ yá àga lọ́wọ́ ilé-ìwé mìíràn nítorí pé wọ́n gbọ́ pé à ń bọ̀. Mo ti rí ìwé ìpè-orúkọ tí olùkọ́ fi bírò kan ṣoṣo kọ iṣẹ́ odindi táàmù sí lọ́jọ́ kan, tí gbogbo ọmọ kíláàsì sì wá sílé-ìwé lójoojúmọ́ nínú ìwé náà, títí kan èyí tí wọ́n ti kó lọ sí Ìbàdàn. Mo máa ń fi bí ojú mi ṣe ń tètè rí irú rẹ̀ yangàn. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wá pè mí láti Àbíjàn pé kí n bá àwọn lọ yẹ ilé ìtọ́jú kan wò lójú ọ̀nà Ìsúndúnrin, n kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ilé náà kì í ṣe ti ìjọba, kì í sì í ṣe ti òwò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí tíramádọ́ọ̀lù, igbó àti omi ikọ́ ti sọ di ẹrú, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹbí ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ Ẹ̀jìgbò tó ń ṣòwò ní Àbíjàn, tí ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ wọn, ló ń gbọ́ bùkátà rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Àbúrò mi, a ò sọ pé wọ́n ń jalè o. Ohun tá a fẹ́ mọ̀ ni pé àwọn tí wọ́n ní ara wọn ti yá yìí, ṣé ara wọn yá lóòótọ́? Ìyẹn nìkan."

"Mo gbọ́, Bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Dakọ́ọ̀," wọ́n ní, bí wọ́n ṣe máa ń fara mọ́ ọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún. "Ìwọ la fọkàn tán."

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ibẹ̀, gbogbo wọn dìde dúró. Àwọn ọkùnrin bíi méjìlá tó wà lábẹ́ ìtọ́jú kí mi lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Ẹ káàbọ̀, Màmá." Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti dìde fún mi bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ̀yìn tì, kò sẹ́ni tó tún dúró wo ohun tí bírò mi máa kọ. Ara mi yá gágá.

Ọkùnrin tó dá ilé náà sílẹ̀ ti wa ọkọ̀ àkẹ́rù rí. Òun fúnra rẹ̀ ti mu omi ikọ́ fún ọdún púpọ̀ kó tó jáwọ́, kò sì fi pa mọ́ fún mi. Ó mú mi wọ yàrá kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀dì wà, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn wà lórí rẹ̀. Kànga wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n rẹ́ ẹnu rẹ̀ ní sìmẹ́ńtì. Ìyá àgbàlagbà kan ń se ẹ̀wà, ó bù díẹ̀ fún mi tọ́ wò. Lára ògiri ọ́fíìsì, wọ́n kọ ọjọ́ iṣẹ́ olúkúlùkù sí. Mo dà á kọ bó ṣe wà: nọ́ọ̀sì máa ń wá ní ọjọ́ Ajé. N kò béèrè ẹni tó máa ń wà níbẹ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun títí di ọjọ́ Àìkú.

Lẹ́yìn náà ó gbé rẹ́jísítà wá. Wọ́n fi rúlà fa ìlà sí i dáadáa. Níwájú orúkọ ẹni tó bá ti jáde, wọ́n á fi bírò pupa kọ ọ́ pé, *Ara rẹ̀ ti yá.* Mo ṣí i láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìgbẹ̀yìn, pupa ni gbogbo rẹ̀.

Mo bi í pé, "Kò sí ẹni tó tún padà sídìí ẹ̀?"

"Kò sí, Màmá."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Bí ara wọn ò bá yá, wọn ì bá ti padà wá bá wa."

"Ṣé ẹ máa ń lọ bẹ̀ wọ́n wò nílé ni?"

Ó wo ilẹ̀. "A ò ní ọkọ̀, Màmá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n pe ọ̀kan fún yín." Ó tẹ fóònù rẹ̀, ó sì nà án sí mi. Ọkùnrin kan dáhùn láti ìsọ̀ rẹ̀ nínú Ẹ̀jìgbò. Ó ní ara òun ti yá, òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, oníbàárà ń dúró de òun. Kò tó ìṣẹ́jú kan.

Mo kọ orúkọ méjì mìíràn sínú ìwé mi: télọ̀ kan ní Masífà, àti àgbẹ̀ kan ní Ìsúndúnrin. Mo pinnu pé màá lọ rí àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n inú ààwẹ̀ la wà, oòrùn mú, orúnkún sì ń dùn mí. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, èkejì tẹ̀ lé e. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi tún pè, ojú tì mí láti sọ pé n kò tíì parí. Mo jókòó, mo kọ ojú ewé mẹ́rin ránṣẹ́ sí wọn. Mo yin bẹ́ẹ̀dì, mo yin ẹ̀wà, mo yin rẹ́jísítà. Ní ojú ewé kẹta, mo kọ ìlà kan báyìí: "Mo fojú rinjú pẹ̀lú díẹ̀ nínú àwọn tó ti jáde, ara wọn sì yá."

Irọ́ ni. N kò fojú rinjú pẹ̀lú ẹnì kankan.

Kò tó oṣù kan lẹ́yìn Ìtunu Ààwẹ̀ ni aládùúgbò mi tó ń ta aṣọ ní ìsọ̀ tó kọjú sí ilé wa sọdá wá bá mi, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Àbíjàn ló ti ń kó aṣọ wá, ó sì ti gbọ́ níbẹ̀ nípa ìwé tí mo kọ. Àkọ́bí rẹ̀ jẹ́ mẹkáníìkì, ọmọ ọgbọ̀n ọdún ó lé. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé kò lè gbé ẹ́ńjìnnì sọ̀kalẹ̀ mọ́ láìjẹ́ pé ó gbé tíramádọ́ọ̀lù mì. Ìyàwó rẹ̀ ti kó lọ.

Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀. "Màmá, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ yẹ ilé yẹn wò. Ṣé kí n mú un lọ?"

"Mú un lọ," mo ní. "Mo fojú ara mi rí i."

Ó ṣàdúrà fún mi gan-an kó tó dìde.

Ó mú un lọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n gba gbogbo oògùn lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó mọ̀ nípa oògùn yìí sọ fún mi lẹ́yìn náà pé kò yẹ kí ẹni tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀ jáwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà láìsí onímọ̀ ìṣègùn nítòsí. Ní ọjọ́ kẹta, gìrì mú un bó ṣe ń fa omi lọ́wọ́. Ó ṣubú lu sìmẹ́ńtì ẹnu kànga, apá rẹ̀ ọ̀tún sì kán sí ọ̀nà méjì. Nọ́ọ̀sì kò sí. Wọ́n pe ẹnì kan tó ń to eegun, ó dì í. Òfin ilé náà ni pé ẹbí kò gbọdọ̀ rí aláìsàn fún oṣù kan gbáko, torí náà wọn kò sọ fún ìyá rẹ̀. Nígbà tí oṣù náà pé, tí ìyá rẹ̀ lọ wò ó, eegun ti so pọ̀ ní wíwọ́.

Lọ́jọ́ náà ni wọ́n ní kó máa lọ sílé, wọ́n sì fi bírò pupa kọ ọ́ pé ara rẹ̀ ti yá.

Ìyá rẹ̀ mú un wá sílé mi lọ́jọ́ náà. Kò pariwo. Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn kó pariwo. Ó ká apá bùbá ọmọ rẹ̀ sókè.

"Màmá, ẹ wo apá ọmọ mi. Ẹ ní ẹ fojú ara yín rí i."

Ọmọ náà ló dáhùn dípò mi. Ó ní, "Ìyá mi, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ẹ má dà wọ́n láàmú."

Lọ́jọ́ kejì, mo gun ọ̀kadà lọ sí Masífà. Ọ̀nà náà kò jìnnà rárá! Mo bá ẹ̀gbọ́n télọ̀ náà obìnrin níwájú ilé, ó ń sá gbágùúdá. Mo ní mo fẹ́ rí àbúrò rẹ̀. Ó wò mí títí.

"Ta lẹ̀yin, ẹ jọ̀ọ́?"

Mo ṣàlàyé pé mo ń béèrè nípa àwọn tí wọ́n ti tọ́jú nílé tó wà lójú ọ̀nà Ìsúndúnrin.

"Ó ti pé ọdún kan tí a ti sin ín," ó ní. "Oṣù kejì tó dé ló tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin lẹni àkọ́kọ́ tó máa wá béèrè rẹ̀."

Ọkùnrin náà ti wà nínú sàréè nígbà tí mo fi ọwọ́ ara mi da orúkọ rẹ̀ kọ. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, obìnrin náà fún mi lómi mu, kò mọ ohun tí mo ń sunkún lé lórí.

Ara àgbẹ̀ tó wà ní Ìsúndúnrin yá ní tiẹ̀. Mo bá a nínú oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Ó ní ìyá tó ń se oúnjẹ nílé náà ló máa ń pe òun lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú fóònù ara rẹ̀ àti káàdì tó fi owó ara rẹ̀ rà, tó máa ń bi òun pé, "Ṣé o jẹun? Ṣé o tún ti mu ún?" Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó di ọwọ́ mi mú. "Màmá, ilé yẹn gbà mí là. Ẹ má bà á jẹ́ o."

Mo kọ ìwé kejì sí Àbíjàn. Mo sọ ti télọ̀, mo sọ ti àgbẹ̀, mo sọ ti apá mẹkáníìkì. Mo jẹ́wọ́ pé irọ́ ni ìlà yẹn tó wà nínú ìwé àkọ́kọ́. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gba nọ́ọ̀sì tí yóò máa wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, kí wọ́n sì wá ẹni tí yóò máa lọ wo àwọn tó bá ti jáde. Ṣùgbọ́n inú ti bí ẹgbẹ́. Wọn kò fi nǹkan kan ránṣẹ́ mọ́. Kí Iléyá tó dé, ilé náà ti kógbá sílé. Wọ́n ní kí àwọn tó ṣẹ́kù níbẹ̀ máa lọ sílé, àti èyí tó nílé lọ àti èyí tí kò ní. Ẹ̀gbọ́n mi bi mí lórí fóònù pé, "Kí ló dé tí o fi kọ ti àkọ́kọ́ yẹn bẹ́ẹ̀?" Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ wa kì í gùn mọ́.

Ọkùnrin tó dá ilé náà sílẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Mo rò pé èébú ló fẹ́ bù. Ó jókòó, ó bọ́ fìlà rẹ̀ sórí orúnkún.

"Màmá, èmi ò kàwé púpọ̀. Ẹ̀yin lẹ kàwé. Ẹ wò ó, ẹ ní ó dáa. Mo gbà yín gbọ́. Ká ní ẹ ti sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn pé nọ́ọ̀sì ọjọ́ kan ò tó, ǹ bá ti wá nǹkan ṣe sí i."

N kò rò ó dé ibẹ̀ rí. Mo ti rò pé oore ni mo ṣe fún un.

Mẹkáníìkì náà kò lè di sípánà mú mọ́. Epo ẹ́ńjìnnì ló ń tà báyìí níwájú ìsọ̀ ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, mo máa ń lọ jókòó tì í. Mo máa ń bi í, bí ìyá tó ń se oúnjẹ yẹn ṣe ń bi àgbẹ̀. Lọ́sẹ̀ mìíràn á ní, "N kò fẹnu kàn án, Màmá." Lọ́sẹ̀ mìíràn á ní, "Mo mu ún lánàá." N kì í bá a wí. N kì í mú bírò dání.

Ìyá rẹ̀ ṣì ń kúnlẹ̀ kí mi. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Màmá." Èmi náà á dá a lóhùn, màá sì ṣàdúrà fún un. Ṣùgbọ́n iwájú ìsọ̀ rẹ̀ ló máa ń dúró sí. Kò sọdá wá sílé mi mọ́.