Òrí fún Ẹ̀ṣẹ̀

Títí dòní, bí òórùn òrí bá ta sí mi nímú, ẹ̀rín àti ìtìjú máa ń mú mi pọ̀.

Màkọ́rì ní Abíján là ń gbé nígbà náà, kí ogun tó bẹ́ sílẹ̀. Ìyá mi àgbà kì í fi Máàsì ṣeré. Bí òjò bá ká a mọ́ ọ̀nà, á ní omi ìyàsímímọ́ ni Ọlọ́run ń wọ́n. Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti bí i, ahọ́n rẹ̀ kì í pe “ṣ”. Sọ́ọ̀sì ló ń lọ, kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ní tèmi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì. Bí wọ́n bá fi Yorùbá kí mi, Faransé ni mo fi ń dáhùn, bí ẹni tó ti gbàgbé èdè kékeré kan. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé n kò gbọ́ ọ dáadáa.

Fádà àgbà tó gbọ́ Yorùbá ti padà sí orílẹ̀-èdè Benin, Faransé nìkan ni èyí tó rọ́pò rẹ̀ gbọ́. Bẹ́ẹ̀ láti Kérésìmesì ni Ìyá àgbà kò ti gba Kòmúníọ̀n mọ́, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ kan tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ń bà á kí ikú má lọ yá ju Àjíǹde lọ. Nígbà tí Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ dé, ó pè mí.

“Ìwọ akọ̀wé, wá bá mi gbé ọ̀rọ̀ fún Fádà.”

A dé ọ̀dọ̀ Fádà, ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, mo dúró tì í. “Fádà, ẹ̀sẹ̀ mi wúwo. Láti Kérésìmesì ni mo ti ń wọ́ ọ kiri.”

Kò tíì mí tán tí mo fi gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Mo fi Faransé tó ń dán sọ fún Fádà pé ẹsẹ̀ ìyá arúgbó yìí ló wúwo, tó ń wọ́ ọ nílẹ̀ láti Kérésìmesì. Àánú ṣe Fádà. Ó ní kó máa fi òrí ra á láàárọ̀ àti lálẹ́, ó sì súre fún un.

“Kò fẹ́ gbọ́ ìyókù ni?”

“Ó ti yé e, Màmá.”

“Àdúrà Màríà mélòó ni kí n kà?”

“Ẹ ò ní ka nǹkan kan. Ẹ sáà fi òrí ra ẹsẹ̀ yín.”

Ó ronú díẹ̀. “Fádà yìí gbọ́n o. Ẹsẹ̀ náà kọ́ ló ń gbé ni lọ síbi ẹ̀sẹ̀?”

Ìgbà náà ni etí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ: ọ̀rọ̀ méjì ni! Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn. Tèmi ti fọ́ sílé Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n báwo ni ọ̀mọ̀wé á ṣe sọ pé òun ò gbọ́ èdè ìyá òun? Mo ní màá jẹ́wọ́ lọ́la.

Ọ̀la ń sún síwájú títí ó fi di Ọjọ́bọ̀ Mímọ́, ọjọ́ tí Fádà ń wẹ ẹsẹ̀ èèyàn méjìlá bí Jésù ti ṣe. Ó rántí arúgbó ẹlẹ́sẹ̀ wúwo, ó pè é jókòó síwájú. Òrí ọjọ́ mẹ́ta kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ ṣe é dì mú. Ó yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ Fádà lẹ́ẹ̀mejì bí ẹja àrọ̀, omi ta sí i lójú. Fádà rẹ́rìn-ín, ó bi arúgbó bóyá ara ti yá díẹ̀.

“Ça va un peu, la vieille?”

“Kí ló wí?” Ìyá àgbà yíjú sí mi.

Àyè àtitún un ṣe nìyẹn. “Ó ní ṣé ó ti fúyẹ́?”

Omijé bọ́ lójú rẹ̀. “Ó ti fúyẹ́, Fádà. Ẹ ti wẹ̀ ẹ́ nù.”

Lọ́jọ́ Àjíǹde, òun ló kọ́kọ́ dé iwájú pẹpẹ láti gba Kòmúníọ̀n.

Ó ti sùn nínú Olúwa báyìí. N kò mọ ẹ̀ṣẹ̀ náà títí dòní, nítorí ògbufọ̀ rẹ̀ kò jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ẹsẹ̀ tèmi náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Mo ń fi òrí ra á láàárọ̀ àti lálẹ́. N kò tíì lọ bá Fádà kankan.