Bàtà Ọmọ Afínjú

Afínjú ni gbogbo àdúgbò ń pe alágbàfọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kángun sí tèmi. Bàtà ni èmi ń tún ṣe. Ọdún mọ́kànlá ni obìnrin yìí ti ń bá ìdọ̀tí jà lára aṣọ olówó. Ó mọ àbàwọ́n koríko yàtọ̀ sí ti ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì kórìíra gbogbo wọn. Eṣinṣin gan-an á nu ẹsẹ̀ kó tó wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Nígbà tó wá bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo, ẹ̀yìn tábìlì tó fi ń lọṣọ ló tẹ́ ẹ sí. Ibẹ̀ lọmọ náà ti rá, ibẹ̀ ló ti rìn. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń sáré nínú pápá tó wà lódìkejì títì, ojú fèrèsé ló ti ń wò wọ́n.

Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i pé nǹkan ò tọ́, n kò sì sọ̀rọ̀. Ìyẹn ń dùn mí títí dòní. Ó gbé bàtà ọmọ náà wá kí n fi ta ẹlòmíì lọ́rẹ, torí ó ti fún un lẹ́sẹ̀. Mo yí i padà: ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò jẹ rárá. Bàtà kẹrin tó mú wá bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Ọmọ pé ọdún márùn-ún, kò lè gun àtẹ̀gùn mẹ́ta láìdi ìyá rẹ̀ mú. Ìyá gbé e lọ sílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò títí.

"Màmá, kò sí àìsàn níbí o. Ẹsẹ̀ tí ò sáré, tí ò ṣubú, báwo ló ṣe fẹ́ le? Ẹ jẹ́ ó ṣeré níta. Ẹ jẹ́ ó dọ̀tí."

Afínjú sunkún dé ọ̀dọ̀ mi. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé èmi ni mo ṣe ọmọ mi báyìí?"

Mo ní ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Mo gbé ọmọ, a sọdá títì lọ sí pápá.

Òjò ti rọ̀ láàárọ̀. Bí mo ṣe bọ́ bàtà ọmọ tí mo fẹ́ gbé e lé koríko, ó figbe ta, ó ká ẹsẹ̀ méjèèjì sókè. Ni Afínjú bá jókòó sínú ẹrẹ̀, òun Afínjú! Ó bu ẹrẹ̀ pa aṣọ funfun tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Wá, ọmọ mi, wá bá mi ṣeré."

Ọmọ dákẹ́. Ó nà sísàlẹ̀ láti ọwọ́ mi, inú mi sì dùn. Àṣé etí aṣọ rẹ̀ ló fẹ́ fi nu ìyá rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ má sunkún mọ́. Ẹ jẹ́ ká relé. Màá bá yín fọ̀ ọ́, á mọ́."

Mo gbé e kọ́ èjìká, a sọdá padà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀.