Lọ́fíńdà Tí Safurat Ṣe ní Marine Beach

Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé Safurat Fàsásì ń ta ẹja ní Marine Beach, àdúgbò mẹ̀kúnnù kan létí omi ní Èkó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Yíyan ni ó ń yan án. Àwọn mìíràn ni wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ tà. Wọ́n tún ń sọ pé orí fóònù ni ó ti kọ́ lọ́fíńdà ṣíṣe. Èyí náà kò tọ̀nà. Ọ̀dọ̀ Amarachi, tí ó ń ta òróró olóòórùn dídùn ní Ajégúnlẹ̀, ni ó ti kọ́ ọ, ọdún méjì gbáko ni ó sì fi kọ́ ọ.

Ìwọ̀sí ni ó gbé e dé ìdí iṣẹ́ náà. Ní báǹkì kan ní Àpápá, obìnrin tí ó tò sẹ́yìn rẹ̀ fi aṣọ bo imú, ó ní, "Ta ló gbé panla wọlé?"

Safurat yíjú padà. "Èmi ni. Ṣé kí n gé ìrù rẹ̀ fún un yín?"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Safurat kò rẹ́rìn-ín.

Ó pinnu pé òun yóò ṣe lọ́fíńdà tí òórùn rẹ̀ yóò dà bí ti bàbá dúdú, súwíìtì tí wọ́n ń fi àgbọn àti ṣúgà jíjó ṣe, èyí tí a jẹ ní kékeré tí eyín wa fi ń lẹ̀ mọ́ra. Síríǹjì ni ó fi ń fa òróró sínú ìgò: ti fánílà, ti ṣúgà jíjó, ti mílíìkì díẹ̀. Lẹ́yìn náà, yóò kán an sí ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀. Bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kán an, adùn rẹ̀ a sáré wọ imú bí ìgbà tí ṣúgà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ nínú ìkòkò. Tí ó bá tó wákàtí kan, adùn yẹn a rẹlẹ̀, a wá nípọn, bí ìdí ìkòkò tí ṣúgà ti fẹ́ máa jó mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, mílíìkì àti èéfín fẹ́ẹ́rẹ́ ni ó máa ń kù lára. Ẹni tí ó bá súnmọ́ ọn gan-an nìkan ni ó lè gbọ́ ọ.

Ó gbé e fún Amarachi. Amarachi kán an sí ọwọ́ tirẹ̀, ó yínmú.

"Àǹtí Safu, na pap be this o. Ògì ọmọ tuntun tí wọ́n da ṣúgà sí jù."

"Imú rẹ ló dí."

"Imú mi ò dí. Ẹ mú ọwọ́ yín wá." Amarachi gbóòórùn ọwọ́ Safurat, ó tún gbóòórùn tirẹ̀. "Haa! Ọwọ́ yín ló ń ṣe é. Èéfín ti wọ inú awọ yín. Ẹ ti yan lọ́fíńdà mọ́ ẹja, ẹ ò mọ̀!"

Ẹni tí kì í yan ẹja kò lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá da gbogbo rẹ̀ nù. Safurat dúró de ọjọ́ tí kò sí ẹja nínú ààrò, ó fọ àwọ̀n irin orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó fi èèpo àgbọn dáná, ó gbé abọ́ òróró àgbọn sórí rẹ̀ kí èéfín wọ̀ ọ́ láti òwúrọ̀ di ọ̀sán. Òróró yẹn ni ó pò mọ́ ti tẹ́lẹ̀. Amarachi kán èyí sí ọwọ́ kan. Ó tún kán an sí ọwọ́ kejì.

Safurat kọ orúkọ sórí bébà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò méjìlá: Safurat, Marine Beach. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ìyáàfin Tèmítọ́lá ní Àpápá, níbi tí wọ́n ti ń ta ìpara àti lọ́fíńdà òkè òkun. Kì í ṣe owó ni ó ń lé níbẹ̀, bí àwọn kan ti rò. Àpápá ni wọ́n ti bo imú nítorí rẹ̀; ó fẹ́ kí Àpápá fi iṣẹ́ ọwọ́ òun kun ara, kí wọ́n sì mọ orúkọ òun.

Ìyáàfin náà gbóòórùn rẹ̀, ojú rẹ̀ túká. Ó ka bébà, ó fajú ro.

"Ọjà gidi ni. Ṣùgbọ́n ta ló máa fi Marine Beach para? Dubai la máa kọ sí i."

"Ẹ má bínú, mà. Bí orúkọ mi ò bá lè wọ ṣọ́ọ̀bù yìí, ìgò yẹn ò ní wọ̀ ọ́."

"Fi í sílẹ̀ ná. Jẹ́ kí n rò ó. Padà wá ní ìrọ̀lẹ́."

Nígbà tí ó padà dé, wọ́n ti bó orúkọ rẹ̀, wọ́n ti lẹ Dubai mọ́ gbogbo ìgò náà. Kí ó tó lanu, oníbàárà kan wọlé. Tonbra ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa bá àwọn ènìyàn gba ẹrù jáde ní èbúté Tin Can. Ó ti dán lọ́fíńdà náà wò ní òwúrọ̀, kí ó tó lọ síbi iṣẹ́.

"Màdámù, àárín tírélà ni mo wà látàárọ̀. Oòrùn, èéfín, òógùn. See my hand, e still dey! Níbo lẹ ti rí i?"

"Dubai ni."

"Ọkọ̀ ojú omi wo ló gbé e wá?"

"Ẹn?"

"Oṣù wo ló wọlé? Iṣẹ́ mi ni, mà. Mi ò tíì rí ẹrù Dubai tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù ọmọ ilé ìwé lẹ orúkọ rẹ̀."

Ìyáàfin Tèmítọ́lá fi ọwọ́ bo orúkọ ara ìgò. Safurat bọ́ síwájú.

"Marine Beach ló ti wá. Èmi ni mo ṣe é. Ẹja ni mò ń yan. Èéfín ààrò mi ló wà nínú rẹ̀."

Tonbra wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Ẹja?"

"Ẹja. Ẹ tún gbóòórùn rẹ̀, bóyá ẹ máa rí ìpẹ́ níbẹ̀."

Tonbra gbé ọwọ́ sí imú, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ fún mi ní méjì."

Safurat kò tíì fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná bó Dubai kúrò lára ìgò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Safurat! O fẹ́ ba ọjà mi jẹ́!"

"Ọjà tèmi ni, mà."

"Ká ní o panu mọ́ ni, gbogbo rẹ̀ ni mi ò bá ti bá ọ tà."

"Ká ní mo panu mọ́, ta ni wọn ò bá máa yìn?"

"Tí o bá jáde níbí, o ò gbọ́dọ̀ padà wá mọ́."

"Mi ò ní padà wá. Tí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ̀yin lẹ máa wá. Ẹ ṣáà béèrè ààrò Safurat."

Ó kó ìgò rẹ̀ sínú àpò, ó jáde, Tonbra sì tẹ̀ lé e. Níta, lórí pèpéle, ni ó ti fi máàkà kọ orúkọ rẹ̀ padà sára ìgò méjì, kí ó tó nà wọ́n sí Tonbra.

Wọ́n ń sọ ọ́ kiri pé Ìyáàfin Tèmítọ́lá ti wá bẹ̀ ẹ́. Irọ́ ni. Kò tíì wá. Safurat kò sì dúró dè é. Ẹja wà lórí iná.