Wáyà Dúdú Tí Ẹnikẹ́ni Kò Tẹ̀lé

Ìbéèrè kan ni àwọn rewáyà, àwọn tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe, fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: "Dádì, ta ló ṣe eléyìí fún yín?" Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ mọ ẹni náà. Èébú ni. Ẹni tó fọwọ́ kan ọkọ̀ kẹ́yìn ni ọ̀lẹ, òun ni olè, òun ló bà á jẹ́. Bí o bá wá gbé ọkọ̀ náà lọ sí òpópónà kejì, ìbéèrè yẹn náà ni wàá bá níbẹ̀, ẹni tó ń bú ẹlòmíràn lánàá ni wọ́n á sì máa bú. Ẹnu àwọn mẹ́ta ni mo ti gbọ́ ọ. Mo gbà pé òun nìkan ni ọ̀gá wọn kọ́ wọn dáadáa.

Ọkọ̀ mi ti gbó. Ó ti gbó kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Èkó, ó sì tún gbó sí i lọ́wọ́ èmi àti ìyàwó mi. Ìyàwó mi kú. Ọkọ̀ kù.

Àìsàn rẹ̀ kò ju báyìí lọ: mo bá yí kọ́kọ́rọ́, á dún "kọ́" lẹ́ẹ̀kan, á sì dákẹ́. Sítátà, mọ́tò kékeré tó yẹ kó yí ẹ́ńjìnì, kò ní yí i. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, á yí i. Bó bá jẹ́ èmi nìkan ni, ǹ bá ti máa wọ bọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ìyá ìyàwó mi ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, awọ funfun sì ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì. Lẹ́yìn ìdúró pípẹ́, ilé ìwòsàn fún wa ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún ojú ọ̀tún, ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ní kùtù hàì. Wọ́n ní ẹni tó bá pẹ́ á padà sí ẹ̀yìn ìlà. Mo ti rí ìlà náà. Ẹlòmíràn lè kú lórí rẹ̀.

Orúnkún Màmá kò gba bọ́ọ̀sì. Bí mo bá sì dárúkọ ọkọ̀ tí wọ́n ń fi fóònù pè, á ní òun kò ní jókòó sẹ́yìn ọmọ tí òun kò mọ ìyá tó bí i. Nítorí náà, ọkọ̀ yìí gbọ́dọ̀ gbà lọ́jọ́ náà, kò sì gbọ́dọ̀ kú lójú ọ̀nà.

Rewáyà àkọ́kọ́ wà ní ìkóríta wa. Ó béèrè ìbéèrè wọn. Ó tẹ hóònù, ó dún. Ó tan iná iwájú, ó tàn.

"Iná dé, Dádì," ó wí. "Wáyà ò ṣe nǹkan kan. Bátìrì ló kú."

"Bátìrì tó kú ló ń dún báyẹn?"

"Dádì, ìyẹn yàtọ̀."

Mo ra bátìrì. Ní ọjọ́ kejì, ọkọ̀ dún "kọ́".

Èkejì wà ní Ojúẹlẹ́gbà, nítòsí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń gé dígí. "Ta ló ní kí ẹ ra bátìrì? Wọ́n ti jẹ yín." Òun náà tẹ hóònù. Ó dún. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni pé òun ló ṣe é tó fi dún. Ó tú sítátà sílẹ̀, ó fẹ́ eruku inú rẹ̀, ó pààrọ̀ kábọ́ọ̀nù tó ń gbé iná wọ inú rẹ̀, ó tún un dè. Ó gbà. Ọkọ̀ ń gbà títí di ọjọ́ Àìkú, ó sì wá kọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí gbogbo ènìyàn ti di rewáyà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ní epo ni. Ọ̀kan ní oòrùn ni. Alàgbà kan tí kò ní ọkọ̀ rí láyé rẹ̀ fọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó di ojú.

"Bọ̀dá, ṣé ẹ ti fi òróró sí i?"

"Mo ti pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀, sà."

Kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n tì wá títí ó fi gbà.

Ẹ̀kẹta wá láti Múṣin. Òun kò tilẹ̀ tú ohunkóhun. Ó wo inú bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó pòṣé sí iṣẹ́ àwọn tó ṣáájú rẹ̀, ó ní, "Dádì, kí la fẹ́ máa wá ilé àrùn kiri fún? Ẹ jẹ́ ká gba ẹ̀yìnkùlé wọlé." Ó lọ ra bẹ́ẹ̀lì, bẹ́ẹ̀lì ẹnu ilẹ̀kùn gan-an, funfun, tó ní àwòrán agogo lójú. Ó fa wáyà láti orí bátìrì wọ inú ọkọ̀, ó fà á padà lọ sí ara sítátà, ó sì kan bẹ́ẹ̀lì náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ rédíò. Wáyà náà kò nípọn ju èyí tí a fi ń gbé gílóòbù kọ́ inú yàrá. Tépù dúdú ló fi dì í.

"Ẹ kàn tẹ̀ ẹ́. Kọ́kọ́rọ́ ò ní sítátà ṣe mọ́. Àwọn ọkọ̀ olówó ayé òde òní, ṣebí títẹ̀ náà ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́?"

Màmá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́. "Kí ló kàn síbẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀lì ni, Màmá."

"Bẹ́ẹ̀lì? Ta ló ń bọ̀ wá kí ọkọ̀?"

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo tẹ bẹ́ẹ̀lì láàárọ̀ títí ìka fi dùn mí. Wọ́n tún tì wá kí ó tó gbà, a sì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí a padà délé, mo pa ọkọ̀ síwájú ilé, mo yọ kọ́kọ́rọ́, mo sì fi í sílẹ̀ nínú jíà, nítorí búrèkì ọwọ́ rẹ̀ kò dì í mú mọ́. Bí gbogbo ẹni tó ní ògbólógbòó ọkọ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn. Mo ní kí Màmá dúró, kí n ṣí ilẹ̀kùn, kí n mú ọ̀pá rẹ̀ wá. Ọ̀pá kò sí níbi tí mo rò. Mo pẹ́ díẹ̀. Ó sú Màmá, ó na ọwọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì kan bẹ́ẹ̀lì. Ó mọ ohun tí wọ́n ń fi bẹ́ẹ̀lì ṣe. Ó tẹ̀ ẹ́ kí ó fi pè mí.

Ohun tó kọ̀ láti dá mi lóhùn láàárọ̀ dá Màmá lóhùn. Sítátà yí ẹ́ńjìnì, jíà sì gbé ọkọ̀ fò síwájú, ó lọ kọ lu dúrọ́ọ̀mù omi obìnrin tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa. Omi dà sí gbogbo ojú ọ̀nà. Nígbà tí mo sáré jáde, Màmá ń pariwo: "Ta ló ń wa ọkọ̀ yìí?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá."

"Èmi kẹ̀? Bẹ́ẹ̀lì ni mo tẹ̀!"

Obìnrin ìsàlẹ̀ ilé jáde pẹ̀lú ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́. "Ìyá àgbà, ẹ rọra o! Ìgbà wo lẹ gba láísẹ́ǹsì?"

Gbogbo ojúlé rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ibi tí dúrọ́ọ̀mù yẹn wà ni àwọn ọmọ obìnrin náà máa ń jókòó sí bí oòrùn bá ti rọlẹ̀. Mo pe rewáyà náà lórí fóònù.

"Dádì, ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi," ó wí. "Ta ló ní kí ẹ fi í sínú jíà?"

Mo pa fóònù.

Ní ọjọ́ Ajé, n kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ abẹ ku ọ̀la. Mo kọ́kọ́ fi ẹ̀mú tu bẹ́ẹ̀lì náà tòun ti wáyà rẹ̀ kúrò, mo jù wọ́n nù. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọ wáyà.

Mo ti di ọkọ ìyàwó kí n tó mọ ìwé kà, ní ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ kan ní Yábàá. Àwọn tó kàwé ní kékeré máa ń gbé ọ̀rọ̀ mì lódindi, ìdajì rẹ̀ a sì jẹ́ àṣìgbé. Èmi a máa fi ìka sábẹ́ lẹ́tà. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe fi ìka sábẹ́ wáyà. Pupa, láti orí bátìrì dé ara sítátà: kò sí àbùkù. Èyí tó tín-ín-rín, tó ti ẹnu kọ́kọ́rọ́ wá: kò sí àbùkù. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti tẹ̀ lé pupa. Kò sí ẹni tó tẹ̀ lé dúdú nínú wọn, bẹ́ẹ̀ iná tó lọ gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà padà wálé. Wáyà dúdú ni ọ̀nà àbọ̀ yẹn. Ẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè é. Orí bátìrì ló ti kúrò, ara irin ọkọ̀ ni wọ́n dè é mọ́. Hóònù kò béèrè ju iná kékeré lọ, ìyẹn á sì rí ihò gbà. Ti sítátà pọ̀. Ọ̀nà tó fẹ̀ ló ń fẹ́.

Mo fi sípánà tú nọ́ọ̀tì rẹ̀. Ọ̀dà búlúù ló wà lábẹ́ rẹ̀, ó ń dán bí abọ́ tánganran.

Nígbà tí à ń palẹ̀ mọ́ fún ìrántí ìyàwó mi, àwọn ọmọ wa ní ọkọ̀ ìyá àwọn kò gbọ́dọ̀ rí wúruwùru. Mo gbé e lọ kùn ní Múṣin. Akunlé pàápàá kì í kun ògiri báyẹn. Ọkùnrin náà kun inú bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó kun rọ́bà omi, ó tú nọ́ọ̀tì ẹ́ẹ̀tì, ó kun abẹ́ rẹ̀, ó wá dá nọ́ọ̀tì padà sórí ọ̀dà. Gbogbo ẹni tó rí i ló pàtẹ́wọ́. Ìlú yìí kò gbà pé a ti tún nǹkan ṣe àfi bó bá ń dán. Ọ̀dà kì í sì í gbé iná. Irin gbọ́dọ̀ kan irin.

Mo mú ọ̀bẹ tí mo fi ń lẹ pọ́tì mọ́ dígí, mo fi ha ọ̀dà náà kúrò, mo fi sáńpépà fọ̀ ọ́ títí irin fi funfun. Mo dè é le. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ó gbà. Mo pa á, mo tún yí i. Ó gbà.

"Ta ló ṣe é?" Màmá béèrè láti inú ilé.

"Èmi ni."

"Ó dáa. Ọ̀la ò jìnnà."

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọkọ̀ gbà kí ilẹ̀ tó mọ́. A wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dé, wọ́n sì mú Màmá wọlé. Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n tú báńdéèjì ojú náà, nọ́ọ̀sì kan mú un jáde wá bá mi nínú ọkọ̀. Ó jókòó. Ó yíjú sí mi, ó wò mí pẹ́.

"Ṣé bí o ṣe ń rí kiri nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"O ti rù. Irùngbọ̀n rẹ wá rí bí ìgbálẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Ọmọ mi ò ní jẹ́ kí o jáde báyìí."

"Kò ní gbà, Màmá."

Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnì gbà.

"Yà lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ ká tó délé," ó wí. "Mo fẹ́ jókòó síbẹ̀, kí n máa wò ó bó ṣe ń fá a."