Ẹyẹ Tí Mo Fọ̀ Lójú Gbogbo Wọn

Ọkùnrin yẹn kò sọ pé mo parọ́. Ká ní irọ́ ló pè é ni, bóyá ǹ bá ti gbàgbé. Ohun tó sọ ni pé mi ò mọ epo yàtọ̀ sí ìyẹ́. Èmi tí wọ́n bí sórí omi ní Zion Pepe, tí mo ti ń wo ẹyẹ láti ojú fèrèsé ìyá mi kí n tó mọ ABD.

Ẹgbẹ́ àwọn tó ń wo ẹyẹ ni wá. Bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rín in. Ní ọjọ́ Sátidé, tí àwọn ẹlòmíràn ń gbá bọ́ọ̀lù tàbí tí wọ́n ń lọ síbi òkú, àwa a kóra jọ sí èbúté Igbókòdá, a ó wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, a ó sì máa wá ẹyẹ tí kò wọ́pọ̀ kiri. Tíṣà ni mí ní Igbókòdá. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù, ará òkè tí iṣẹ́ gbé wá sọ́dọ̀ wa. Alága wa náà, ará òkè ni. Ó ní kámẹ́rà tí imú rẹ̀ gùn bí apá ọmọdé, ó sì ní ohùn tí í bo ohùn ẹlòmíràn mọ́lẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun rí ẹyẹ àjèjì, bàbá àgbàlagbà kan wà ní Àkúrẹ́ tó ti ń wo ẹyẹ kí wọ́n tó bí púpọ̀ nínú wa. Òun ló máa sọ bóyá a gbà á tàbí a kò gbà á, ibi tó bá sì sọ̀rọ̀ sí, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí.

Èmi ni mo kọ́kọ́ rí lékeléke etí òkun. Kì í ṣe èyí tó ń tẹ̀lé màlúù kiri o. Etí omi iyọ̀ lèyí ń gbé. Òmíràn nínú wọn a funfun, òmíràn a dúdú bí òjò tó ṣú. Èyí tó dúdú ló ṣọ̀wọ́n gan-an lọ́dọ̀ wa. Èmi nìkan ni mo wà nínú ọkọ̀ ìyá mi, ní ẹ̀gbẹ́ igi ẹ̀gbà tó ń hù nínú omi iyọ̀, nígbà tó bà sórí ẹrẹ̀ níwájú mi. Ó dúdú láti orí dé ìrù, àfi abẹ́ àgógó títí dé ọ̀fun tó funfun, bí ẹni tó mu ògì tí kò nu ẹnu. Mo wò ó tẹ́rùn. Fóònù mi wà nínú ọ̀rá nítorí omi, kí n sì tó tú u, ẹyẹ ti gbéra.

Mo sọ fún wọn nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Alága wa gbé kámẹ́rà rẹ̀ sílẹ̀, ó wò mí bí ẹni tó ń wo aláìsàn.

"Tíṣà," ló wí, "lékeléke lásán tó wọnú epo rọ̀bì lẹ rí. Ẹ̀yin ará ibí, epo ti mọ́ yín lójú jù."

Mo ní, "Sà, ọ̀fun rẹ̀ ńkọ́? Epo kì í yan ibi tí yóò kùn. Ẹyẹ tó bá ń fi ẹnu wá ẹja nínú epo, ọ̀fun ni yóò kọ́kọ́ dúdú."

Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rẹ́rìn-ín, gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Kí a tó padà dé èbúté, wọ́n ti sọ mí ní Ìyá Elépo, bàbá Àkúrẹ́ sì fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lórí fóònù pé a kò gbà á.

Ìyá mi ń yí ẹja lórí ààrò nígbà tí mo rò fún un. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ọma mi, fi ghan sílẹ̀. Ẹyẹ náà mọ ara rẹ̀." Mo ní mo ti gbọ́, mo máa fi wọ́n sílẹ̀. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mo fi ẹ̀jẹ̀ sínú, mo ń tutọ́ funfun jáde: mo ń kí alága wa dáadáa, mo ń bá a di báàgì mú bó bá fẹ́ wọkọ̀, mo sì ń dáhùn nígbà tí wọ́n bá pè mí ní Ìyá Elépo. Àdúrà tí mo ń gbà lórí ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà kò ṣe é gbà sókè ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Àdúrà náà gbà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, àwòrán wọlé sórí fóònù gbogbo wa. Alága wa ti rí lékeléke etí òkun aláwọ̀ dúdú, lórí òpó kan nínú odò tó wà nísàlẹ̀ Zion Pepe. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹyẹ náà kò bẹ̀rù ènìyàn rárá, pé òun sún mọ́ ọn títí òun fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ kàn án. Mo fẹ àwòrán náà tóbi. Ọ̀fun rẹ̀ dúdú kirikiri. Ìyẹ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra wọn, funfun sì yọjú díẹ̀ lábẹ́ apá. Kì í ṣe pé kò bẹ̀rù, kò lè fò ni. Mo rẹ́rìn-ín títí ìyá mi fi wá yọjú wò mí lẹ́nu ọ̀nà.

Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i pé, "Ẹ kú oríire o, sà. Ojú yín ríran." Bàbá Àkúrẹ́ ní òun gan-an ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la láti wá fojú ara òun rí i.

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, bí a bá já sínú omi tí epo rọ̀bì ti dà sí, ìyá mi kì í sáré fi ọṣẹ wẹ̀ wá. Òróró ló máa ń kọ́kọ́ fi pa wá lára títí epo yóò fi tú, kí ọṣẹ tó dé. Nítorí náà mo di òróró sínú ìgò, mo mú ọṣẹ olómi, bàsíà, kẹ́ẹ̀gì omi tútù, aṣọ ìnura àti àwọ̀n kékeré kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, alága wa rí ẹrù mi nínú ọkọ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá Elépo, ṣé aṣọ lẹ fẹ́ lọ fọ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni mo wí. "Aṣọ kan wà tó dọ̀tí."

Ẹyẹ náà ṣì wà lórí òpó, ó ká apá mọ́ra. Alága wa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni pé a wà níwájú ọba. Bàbá Àkúrẹ́ gbé awò awọ̀nàjíjìn sójú, kò sì tíì sọ nǹkan kan tí mo fi ní kí awakọ̀ sún wa síwájú. Alága wa ní kí n má dẹ́rù ba ẹyẹ. Mo da àwọ̀n bò ó. Ó ṣubú sínú rẹ̀ gbì. Mo fi aṣọ wé e, mo di àgógó rẹ̀ mú kó má baà sọ mí lójú, mo sì kọjú sí ọkùnrin náà.

"Sà, ẹ ní epo ló kun tèmi. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó kun tiyín."

Ọ̀fun ni mo ti bẹ̀rẹ̀, nítorí lórí ọ̀fun ló ti fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Mo fi òróró pa á, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo da omi sí i, ibẹ̀ sì funfun báláú. Gbogbo ara yòókù ṣì dúdú. Mo gbé e sókè bẹ́ẹ̀, mo ní kí wọ́n yà á. Gbogbo wọn yọ fóònù, bàbá náà yọ tirẹ̀. Ìgbà tí wọ́n yà á tán ni mo tó fọ ìyókù, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó lè pẹ́ lójú alága wa. Nígbà tí mo parí, lékeléke funfun lásán ló ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi.

Ẹnì kan lẹ́yìn ọkọ̀ pe alága wa ní Bàbá Elépo. Ẹ̀rín sọ. Ó ń ti kámẹ́rà bọ inú báàgì, kò wọ̀ ọ́, ó tún ń tì í. Kò ṣe mí láàánú. Ó dùn mọ́ mi débi pé ó wù mí kí epo ṣì kù lára ẹyẹ náà kí n lè tún fọ̀ ọ́. Mo gbé e sínú agbọ̀n ìyá mi títí ó fi gbẹ, tó ń jẹ ẹja, tó sì fò lọ. Láti ọjọ́ yẹn, alága wa kò kọ nǹkan kan mọ́ lórí fóònù ẹgbẹ́.

Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, omi fà, mo sì tún rí lékeléke dúdú tèmi. Fóònù wà lọ́wọ́ mi lọ́tẹ̀ yìí. Ó dúró nínú oòrùn, ìyẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ọ̀fun rẹ̀ funfun, mo sì ya àwòrán rẹ̀ dáadáa kó tó fò kọjá lórí mi lọ sójú òkun. Mo fi ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Mo ti ń ro bí bàbá yóò ṣe kọ ọ́ pé a gbà á, àti bí alága wa yóò ṣe kà á.

Bàbá dáhùn ní ọ̀sán. Ó gbé àwòrán mi sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí òun yà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ tí mo gbé ẹyẹ sókè, tí ọ̀fun nìkan ti mọ́. Àwọn méjèèjì jọra bí ìbejì. "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa," ló kọ. "Bí epo bá ṣí lọ́fun, báyìí ló ń rí. A kò gbà á."

Mo kọ àlàyé, ó gùn. Mo ní èyí fò, mo ní ìyẹ́ rẹ̀ kò lẹ̀ mọ́ra. Wọ́n ń fi ẹ̀rín ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni alága wa, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yẹn, kọ tirẹ̀.

"Ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ fún wa ná, mà."